Àwọn Tó Ń Di Ẹrù Ẹgbẹ́: Ìtàn Àwọn Tí A Kì Í Rí Nínú Fọ́tò

Àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ìtàn eré ìdárayá, nítorí pé iṣẹ́ oníròyìn ni mò ń ṣe jẹun. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú bí n kò bá kọ̀wé nípa àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. A ti kọ̀wé nípa wọn tó. Àwọn tó ń fọ jẹ́sì ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ wo fọ́tò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́ yín. Àwọn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Àwọn kan dúró, àwọn kan lóṣòó, kápútẹ́ènì sì gbé bọ́ọ̀lù síwájú ara rẹ̀. Gèmù másítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi fèrè kọ́rùn. Lẹ́yìn fọ́tò, wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Ó dáa. Ẹni tó kó jẹ́sì náà wá nínú àpò ńkọ́? Ẹni tó fọ̀ ọ́, tó lọ̀ ọ́, tó kà á, tó tún kó o padà ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹni tó ń ya fọ́tò ló dúró sí, tó kó aago ọwọ́ àti sálúbàtà àwọn mọ́kànlá yẹn dání.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ọmọ ilé-ìwé Ìpọ̀nrí ni wá. Ẹni tó bá wọ dáńfó ní Ìpọ̀nrí, tó gba Western Avenue (tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Funsho Williams Avenue) lọ sí Òjúẹlẹ́gba, yóò kọjá Aláká, yóò sì rí pápá ìṣeré ńlá méjì tó kọjú síra wọn: National Stadium ní apá kan, Teslim Balogun Stadium ní apá kejì. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí gba ẹnu ọ̀nà méjèèjì kọjá. Ohun tí mo sì fẹ́ fi hàn yín kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú ohun-èlò ẹgbẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí a kì í rí, àfi ọjọ́ tó bá bàjẹ́. Ìlú tí kò bá sì ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí, ìtìjú ni yóò fi mọ iyì rẹ̀.

KÍ NI IṢẸ́ WỌN GAN-AN?

Àwọn eléré máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kit manager. Ní ilé-ìwé, a kò fún un ní orúkọ kankan. "Ìwọ, gbé àpò yẹn wá," bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ti wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń múra. Ó ti fi jẹ́sì kọ́ ní ipò-ipò, nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Ṣòkòtò péńpé, ìbọ̀sẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi ń bo ojúgun ti wà lábẹ́ jẹ́sì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ ńlá kì í kó jẹ́sì ẹyọ kan ṣoṣo dání fún ẹnì kan. Ó kéré tán, méjì-méjì ni, nítorí pé èyí tí wọ́n wọ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ lè ti rin gbingbin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí aṣọ ẹnì kan, adarí eré yóò lé e jáde títí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ rò ó wò: bí aṣọ mìíràn kò bá sí nílẹ̀, èèyàn mẹ́wàá ni yóò máa bá èèyàn mọ́kànlá gbá a nìyẹn.

Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ní eyín bàtà tirẹ̀, ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí ní tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ àwọ̀ aṣọ tí ẹgbẹ́ kejì yóò wọ̀, àwọ̀ tí aṣọ́lé wọn yóò wọ̀, àti ti adarí eré pẹ̀lú. Bọ́ọ̀lù gan-an ní òfin. Àyíká rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 68, kò gbọ́dọ̀ ju 70 lọ. Nígbà tí eré bá máa bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín gíráàmù 410 sí 450. Ẹni tó mú póńpù dání ni yóò mọ̀. Nígbà tí eré bá parí, tí àwọn yòókù ń jó tàbí tí wọ́n ń sunkún, òun ni yóò máa ka ìbọ̀sẹ̀ tó dọ̀tí nílẹ̀.

Ẹ rántí Rashidi Yekini ní Dallas, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje Ife Àgbáyé, tó wá ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n, tó dì í mú, tó ń sunkún ayọ̀. Gbogbo ayé ló rí Yekini. Àwọn tó so àwọ̀n náà dáadáa tí kò fi já lé e lórí, ta ló béèrè wọn?

ÀWỌN TÓ WỌKỌ̀ LỌ SÍ ÌLÚ ỌBA NÍ 1949

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní MV Apapa ní Èkó. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Liverpool ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Ọjọ́ mẹ́tàlá lórí omi! Àwọn ni ìtàn mọ̀ sí UK Tourists. Etim Henshaw ni kápútẹ́ènì wọn. Teslim Balogun, ọmọ Èkó tí wọ́n ń pè ní Thunder nítorí bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe ń sán bí àrá, wà lára wọn. Òun kan náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá tó wà nítòsí wa yìí.

Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n kàn fi báńdéèjì wé ọrùn ẹsẹ̀ ni. Eré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, 5 sí 2. Nínú eré mẹ́sàn-án tí wọ́n gbá níbẹ̀, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé ni wọ́n yà ní Freetown, tí wọ́n na Sierra Leone 2 sí 0 ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Ìyẹn ni ìwé kà sí eré àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé òṣì ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ bọ́ọ̀lù láti kékeré nìyẹn, ẹsẹ̀ wọn ti mọ bọ́ọ̀lù láìsí ohunkóhun láàárín. Nínú ìdíje Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní London lọ́dún 1948, àwọn ará Íńdíà náà fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù, díẹ̀ báyìí ló sì kù kí wọ́n bá ilẹ̀ Faransé dọ́gba: 2 sí 1 ló parí sí. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí i pé ẹsẹ̀ lásán náà ń fẹ́ olùtọ́jú. Báńdéèjì tí wọ́n wé, ẹnìkan ló rà á, ẹnìkan ló fọ̀ ọ́, ẹnìkan ló sá a, ẹnìkan ló tún un ká fún eré tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni, nínú òtútù ilẹ̀ òyìnbó.

Ẹ gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1949 yẹn kan náà, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí MV Apapa kúrò ní Èkó, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Jámánì lọ forúkọ ilé-iṣẹ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Adi Dassler lorúkọ rẹ̀, Adidas sì ni ilé-iṣẹ́ náà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1954, Jámánì gbá àṣekágbá Ife Àgbáyé pẹ̀lú Hungary ní Bern. Òjò ń rọ̀. Dassler fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú bàtà wọn. Ó lo bàtà tí èèyàn lè tú eyín rẹ̀, ó yọ àwọn kúkúrú kúrò, ó sì fi èyí tó gùn sí i. Hungary ti fi góòlù méjì ṣíwájú, ṣùgbọ́n Jámánì ló borí, 3 sí 2. Ẹni tó ń tọ́jú bàtà wọ inú ìtàn lọ́jọ́ náà. Mélòó ni irú rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ kó wọ inú rẹ̀?

SÙRÙLÉRÈ WA

Kí á tó gba òmìnira, aṣọ pupa ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà ń wọ̀, Red Devils ni wọ́n ń pè wọ́n. Lẹ́yìn òmìnira, a bọ́ ti pupa sílẹ̀, a wọ aláwọ̀ ewé, a sì di Green Eagles. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn: orílẹ̀-èdè náà, aṣọ rẹ̀ ni ayé fi ń dá a mọ̀.

Ní 1972 ni wọ́n parí National Stadium ní Sùrùlérè, èèyàn 55,000 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Oṣù kìíní ọdún 1973 ni gbogbo Áfíríkà kóra jọ síbẹ̀ fún ìdíje All-Africa Games ẹlẹ́ẹ̀kejì, Nàìjíríà sì gba wúrà bọ́ọ̀lù. Ó di ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, àṣekágbá Ife-Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan, Àlìgẹ́ríà kò rí ẹyọ kan gbá. Ẹ̀yin tí ẹ jáde nílé-ìwé ṣáájú wa lè ròyìn ọjọ́ náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, a kò tíì bí èmi. Àwọn orúkọ yẹn kò ní parẹ́ láéláé: Ọdẹ́gbàmí, Lawal, Christian Chukwu tó jẹ́ kápútẹ́ènì, Otto Glória ará Bùràsíl tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìpọ̀nrí, yóò kà wọ́n fún yín. Ẹ wá bi í pé ta ló tọ́jú jẹ́sì funfun àti aláwọ̀ ewé yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdíje náà títí dé àṣekágbá. Kẹ́kẹ́ á pa.

Pápá náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Láti 2004 ni ẹgbẹ́ àgbà Nàìjíríà ti ṣíwọ́ gbígbá eré ńlá níbẹ̀. Koríko hù, àga fọ́, òrùlé jẹrà. Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ṣe ń kọ́ nǹkan. A kọ́ ọ, ó sì dára. Ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni a kò kà sí. Pápá ńlá kò yàtọ̀ sí àpò jẹ́sì: bí kò bá ní olùtọ́jú, àkísà ni yóò dà.

ABẸ́RẸ́ ÀTI ÒWÚ NÍ MẸ́SÍKÒ

Bóyá ẹ ó ní, àwọn òyìnbó ńkọ́, ṣé tiwọn kì í bàjẹ́? Ó ń bàjẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1978, Faransé àti Hungary dé pápá ní Mar del Plata ní Ajẹntínà, àwọn méjèèjì kó aṣọ funfun wá! Wọ́n ní láti lọ yá jẹ́sì ẹgbẹ́ àdúgbò kan, Kimberley, kí Faransé tó rí nǹkan wọ̀. Aláwọ̀ ewé àti funfun ni. Gbogbo èèyàn ń dúró.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó wù mí jù ni ti 1986. Ajẹntínà fẹ́ bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá a ní Mexico City, ọ̀sán gangan, oòrùn á máa jó. Aṣọ aláwọ̀ búlúù ni yóò kàn wọ́n, èyí tí wọ́n sì fi bá Uruguay gbá a wúwo, ó ń fa òógùn mu. Carlos Bilardo, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kò gbà. Ilé-iṣẹ́ tó ń rán aṣọ fún wọn kò lè ṣe òmíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ni wọ́n bá rán Rubén Moschella, òṣìṣẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù wọn, jáde sí ìgboro. Ó mú oríṣi méjì wá. Bí Maradona ṣe rí ọ̀kan, ó ní èyí ni ká wọ̀. Moschella padà lọ ra 38. Àwọn obìnrin aránṣọ ní ẹgbẹ́ Club América, níbi tí Ajẹntínà dé sí, ló fi abẹ́rẹ́ àti òwú lẹ àmì orílẹ̀-èdè mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, Maradona wọ nọ́ńbà 10, ó fi ọwọ́ gbá góòlù kan, ó sì gé èèyàn bí ẹni gé ẹ̀fọ́ kó tó gbá ìkejì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n ta jẹ́sì yẹn ní London, ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn. Aṣọ tí wọ́n fi ìkánjú rà ní ṣọ́ọ̀bù! Gbogbo wa mọ orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin mélòó lẹ mọ orúkọ àwọn obìnrin tó lẹ àmì mọ́ ọn? Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí, ṣùgbọ́n okùn nìkan la máa ń rí lára aṣọ.

KÍ LÓ WÁ ṢE WÁ?

Ẹ wo tiwa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ìdíje Òlíńpíìkì wà ní Rio. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa há sí Atlanta nítorí wàhálà bàálù, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bá Japan gbá a gan-an ni wọ́n tó dé. Síbẹ̀ wọ́n borí, 5 sí 4, wọ́n sì gba bàbà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n aṣọ tó yẹ kí àwọn eléré wa wọ̀ níbi ayẹyẹ ìbẹ̀rẹ̀ kò dé. Ìgbà tí ìdíje ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí ni ẹrù náà tó wọlé. Kí la fẹ́ fi ṣe nígbà náà?

Ní 2018, Nike gbé jẹ́sì Super Eagles jáde fún Ife Àgbáyé Rọ́ṣíà. Àjọ bọ́ọ̀lù wa ní mílíọ̀nù 3 èèyàn ló ti béèrè rẹ̀ kó tó jáde. Àwọn òyìnbó tò sórí ìlà nítorí rẹ̀ ní London. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Tokyo, Chukwuebuka Enekwechi, tó ń ju irin rìbìtì tí a ń pè ní shot put, yege lọ sí àṣekágbá. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó ya ara rẹ̀ ní fídíò níbi tó ti ń fi ọwọ́ fọ jẹ́sì rẹ̀, nítorí pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ní. Nígbà yẹn, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń darí eré sísá wa, àdéhùn pẹ̀lú Puma sì wà nínú ìjà náà. Nígbẹ̀yìn, Puma fòpin sí àdéhùn ọ̀hún. Jẹ́sì tí mílíọ̀nù 3 èèyàn ń wá, àti jẹ́sì kan ṣoṣo nínú báfà, orílẹ̀-èdè kan náà ni o.

Ní Paris, 2024, Ese Ukpeseraye, ọmọbìnrin wa tó ń gun kẹ̀kẹ́, gbọ́ lójijì pé àyè ti wà fún òun láti kópa nínú eré inú gbọ̀ngàn. Kẹ̀kẹ́ irú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará Jámánì ló ti yá kẹ̀kẹ́ tó fi díje, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba.

Ẹ má jẹ́ ká sọ pé owó ló fà á pátá. Ajẹntínà náà kò ní aṣọ ní 1986, ṣọ́ọ̀bù ìgboro ni wọ́n lọ. Ìyàtọ̀ ni pé ẹnìkan wà tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, tó sì láṣẹ láti ná owó kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbi tí ìjà bá wà lórí ẹni tó ni àdéhùn, tí kò sì sí ẹni tó ń ka aṣọ, eléré ló ń fọ aṣọ ara rẹ̀ ní òru ọjọ́ tó yẹ kó sùn.

TIWA ŃKỌ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde bá péjọ, ohun tó máa ń yá wa lára jù ni ká ra jẹ́sì fún ilé-ìwé. Ó dára, a ó ya fọ́tò, a ó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́sì tí kò bá ní kọ́bọ́ọ̀dù, tí kò ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, tí kò ní ẹni tí wọ́n ń fún ní owó ọṣẹ, ṣé yóò pé ọdún méjì? Ọ̀kan á bá ẹnìkan relé, ọ̀kan á di ìnulẹ̀, ìyókù á gbó sínú àpò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn wa ọdún yìí ní apá méjì: apá kan fún jẹ́sì, apá kejì fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ fún un ní ìwé, ẹ máa fún un ní nǹkan lóṣooṣù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ya fọ́tò, ẹ pè é wá síbẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ti kápútẹ́ènì.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ nínú yín ló fi owó ara yín ra báńdéèjì fún wa, a kò sì dúpẹ́ tó. Ẹ gba ọpẹ́ wa lónìí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, olúkúlùkù yín mọ ẹni tó ń gbé àpò jẹ́sì nígbà tiyín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé, kí ẹ fi lé akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò níbi àpéjọ yìí, a ó tẹ gbogbo wọn sínú ìwé ọdún tó ń bọ̀. Yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣe òmíràn.